Ìgbín Dákẹ́ Lójú Ọ̀nà Ìṣẹ̀

Ìgbín ni àwọn ọmọ àdúgbò sọ ọkọ̀ náà lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ wọ Ìkẹ́rẹ́, kò sì sẹ́ni tó lè bá wọn jiyàn. Ọkọ̀ tó gbé ilé pọ̀n! Bẹ́ẹ̀dì wà nínú rẹ̀, síńkì wà níbẹ̀, ilé ìtura wà níbẹ̀. Jẹ́nẹ́rétọ̀ tirẹ̀ wà nínú àpótí irin kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, ó sì ń mu nínú táǹkì epo kan náà tí ẹ́ńjìnì ọkọ̀ ń mu. Kánádà ni Dúrósinmí, ẹni tó ni ín, ti fi í ránṣẹ́ sínú ọkọ̀ ojú omi. Àwọn tí ọ̀rọ̀ ò kàn bi í pé kí ni ẹni tí bàbá rẹ̀ kọ́lé sí Ìṣẹ̀ fẹ́ fi ilé onítáyà ṣe. Ẹni tí ò mọ ìdí ọ̀rọ̀, ẹ jẹ́ kó máa rojọ́.

Ìdí ọ̀rọ̀ ni ìyá rẹ̀. Yèyé ti ṣe ọ̀gá iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ rí, ó sì ti fi ọ̀pọ̀ ọdún fa eruku ṣọ́ọ̀kì àti èéfín ààrò símú, títí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ fi ní òun ò ṣe mọ́. Ẹ̀rọ kékeré kan, tí kò ju àpò ìwé ọmọléèwé lọ, ló ń bá a ṣa atẹ́gùn tó dára jọ báyìí. Rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló gbé e wá sí ihò imú rẹ̀. Dókítà ní Adó ti kìlọ̀: Màmá lè máa lọ sílé, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ yẹn kò gbọdọ̀ wà láìsí iná. Bátìrì inú rẹ̀ wà fún pàjáwìrì ni, kì í ṣe ohun tí èèyàn ń gbójú lé. Yèyé sì ti fárígá pé àgbàlá òun ní Ìṣẹ̀ lòun ti máa jí lọ́jọ́ Ìsinmi. Iná ìjọba ní Ìṣẹ̀, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n, àlejò ni: ó ń dé nígbà tó bá wù ú, kì í sì í dágbére. Ni Dúrósinmí bá ní kò burú, òun á gbé ilé tó ní iná tirẹ̀ lọ bá a nínú àgbàlá.

Àwọn mẹ́ta ló wá ṣáájú Dúrósinmí tí wọn kò dúró. Nígbà tí òun dé, ìyá rẹ̀ wò ó lójú, ó ní kó dúró kó sin òun, ó sì fi sọ ọ́ lórúkọ. Ẹni tí wọ́n bá sọ bẹ́ẹ̀, ẹrù ti wà lórí rẹ̀ láti ọjọ́ ìkómọ. Òun náà sì lọ sókè òkun, ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tí bàbá wọn kú, ìwé ìgbélùú rẹ̀ kò tíì jáde, kò lè wálé, inú mọ́tò níwájú ibi iṣẹ́ ló jókòó sí tó ti sunkún rẹ̀ tán. Láti ìgbà náà ni ẹ̀rù kan ti ń bà á: kí ìyá rẹ̀ náà má lọ kú nígbà tí òun kò sí nítòsí.

Wọ́n kúrò ní Adó lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Dúrósinmí wà nídìí síárìn. Gbémisọ́lá, àbúrò rẹ̀ obìnrin tó ń ṣe tíṣà ní Ìkẹ́rẹ́, wà lẹ́yìn lọ́dọ̀ Yèyé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì tó kángun sí fèrèsé. Jẹ́nẹ́rétọ̀ ń kùn lábẹ́ wọn bí ológbò tó yó. Yèyé ń ka orúkọ gbogbo ìlú tí wọ́n ń kọjá sókè bí ẹni tó ń pe rẹ́jísítà, ó sì ń bínú sí àwọn tí kò mọ́ tónítóní. Wọ́n kọjá Ìkẹ́rẹ́, àpáta ńláńlá di ẹ̀yìn wọn, igbó àti oko kókó sún mọ́ títì lọ́tùn-ún lósì. Ibẹ̀ ni wọ́n ti bá ọkọ̀ agbégẹdú kan tó dojú dé, tí ìtì igi rẹ̀ fọ́n ká títì pátápátá.

Mọ́tò mélòó kan ti dúró síwájú wọn. Àwọn awakọ̀ ti sọ̀ kalẹ̀, wọ́n ń bú ìjọba, wọ́n ń bú agbégẹdú, bí àwa ṣe máa ń ṣe. Lójijì ni ọlọ́kadà kan já láti ọ̀nà oko, kò tiẹ̀ dúró, ariwo ló ń pa lọ.

"Ẹ padà o! Wọ́n wà nínú oko kókó yẹn o! Wọ́n gbé ìbọn dání!"

Kò sẹ́ni tó bi í pé àwọn wo. Lójú ọ̀nà wa lónìí, ta ló tún ń béèrè? Kí ènìyàn tó pajú, mọ́tò kéékèèké ti yí padà, wọ́n ti fi eruku sílẹ̀. Ẹni tí kò lè yí mọ́tò rẹ̀ padà sá wọ mọ́tò ẹlòmíràn. Ìgbín náà fẹ́ yí. Dúrósinmí já síárìn dé òpin, ó fi ẹ̀yìn rìn díẹ̀, ó tún já a, títì sì kéré fún un. Táyà ẹ̀yìn kan yọ̀ wọ inú gọ́tà gbùúù. Ọkọ̀ náà dẹ̀gbẹ́, abọ́ àti ṣíbí ya lulẹ̀, jẹ́nẹ́rétọ̀ wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó sì dákẹ́.

Dúrósinmí di síárìn mú. Ó tẹ ẹsẹ̀ mọ́ epo. Ẹ́ńjìnì ọkọ̀ bú ramúramù, táyà yí lásán nínú ẹrẹ̀, ọkọ̀ kò sún. Ó pa ẹ́ńjìnì. Kò sí ohùn èèyàn kankan lójú títì náà mọ́. Ohun kan ṣoṣo tó ń dún ni ẹ̀rọ Yèyé tó ń ké pín-ín pín-ín láti sọ fún wọn pé orí bátìrì lòun wà.

"Bátìrì yìí ò kún o," Gbémisọ́lá wí. "Òun la lò nígbà tí a ń dúró de ìwé ìdásílẹ̀ ní ọsibítù. Bọ̀ọ̀dá Dúró, ó ti ń lọ sílẹ̀."

"Wáyà kejì tí wọ́n fi ń so ó mọ́ bátìrì ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ńkọ́?"

"Kò sí nínú àpò ẹ̀. A ti gbàgbé ẹ̀ sí wọ́ọ̀dù."

Dúrósinmí bọ́ sẹ́yìn, ó tẹ bọ́tìnnì jẹ́nẹ́rétọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ síńkì. Ó yí: kù-kù-kù-kù. Kò gbé. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Kù-kù-kù-kù. Ó kéré tán, bátìrì tó ń yí i kò kú. Ohun tó kù, ìta ni yóò ti wá a, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, níbi tí àpótí jẹ́nẹ́rétọ̀ ti kọjú sí oko kókó tí ọlọ́kadà nawọ́ sí.

Yèyé la ojú. "Dúró, uná dà?"

"Ó ń bọ̀, mà. Mo fẹ́ lọ tàn án ni."

"Yára, ọmọ mi," Yèyé ní. Ó mí, ó tún mí, kó tó rí agbára sọ ìyókù. "Kí o sì mú fìlà rẹ. Oòrùn wà níta."

Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ abiyamọ! Ajínigbé wà nínú igbó, fìlà ló ń rò.

Ó sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú àpótí irinṣẹ́, ó ṣí ilẹ̀kùn irin náà. Ooru bù ú lójú. Fóònù ti wà lọ́wọ́ Gbémisọ́lá nínú ọkọ̀, ó ń pe ọlọ́pàá, ó ń pe ẹni tó mọ̀ ní Ìṣẹ̀, kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó lè gbé ọ̀rọ̀ kankan lọ. Dúrósinmí fa ọ̀pá tí wọ́n fi ń wọn ọ́ìlì yọ, ó nù ún, ó tún tì í bọ̀ ọ́. Ọ́ìlì wà. Ó tú púlọ́ọ̀gì. Sípánà bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ sínú koríko. Ó wá a rí, ó yọ púlọ́ọ̀gì, ó fi ẹ̀wù nù ún, ó wò ó lójú oòrùn. Ó mọ́. Ó dá a padà. Ó ṣí asẹ́ afẹ́fẹ́, eruku díẹ̀ ló wà níbẹ̀, ó gbọ̀n ọ́n. Ó tẹ bọ́tìnnì tó wà lára jẹ́nẹ́rétọ̀ fúnra rẹ̀. Kù-kù-kù-kù. Ó ń yí, kò gbé.

Ewé kókó gbígbẹ ni kì í jẹ́ kí ohunkóhun rìn ní bòókẹ́lẹ́. Nígbà tí nǹkan sì rìn lórí wọn lẹ́yìn rẹ̀, fàràfàrà, Dúrósinmí kò lè yíjú padà. Ó dúró bí igi. Ó rò ó pé bí wọ́n bá mú òun lọ báyìí, ta ni yóò tan iná fún Yèyé? Fàràfàrà náà tún sún mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà ni ọ̀yà kan sá gba inú gọ́tà kọjá, ó wọ igbó kejì. Dúrósinmí tún kọjú sí àpótí irin náà.

"Bátìrì ti ku ìlà kan o!" Gbémisọ́lá kígbe láti inú.

Ó wo òkè. Ọwọ́ Yèyé wà lára gíláàsì fèrèsé, ìka rẹ̀ fẹ̀, èékánná rẹ̀ ti ń ṣú. Ìgbà yẹn ló bẹ̀rẹ̀ sí gbàdúrà, kì í ṣe àdúrà tó mọ́yán lórí. "Jọ̀ọ́, jọ̀ọ́, jọ̀ọ́," ni. Kò tiẹ̀ mọ̀ bóyá Ọlọ́run ló ń bẹ̀ tàbí jẹ́nẹ́rétọ̀.

Ohun tó ń dà á lọ́kàn rú ni pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ epo. Ṣebí epo kan náà ni ẹ́ńjìnì ọkọ̀ mu tó fi bú ramúramù lẹ́ẹ̀kan? Bí epo bá tán, àwọn méjèèjì ló yẹ kó kú. Nígbà tó nawọ́ gbé àpótí irinṣẹ́ ló rí kẹ́ẹ̀gì epo tí wọ́n dè mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀; ẹni tó bá mọ orílẹ̀-èdè yìí kì í rìn láìgbé kẹ́ẹ̀gì. Kẹ́ẹ̀gì funfun ni, epo inú rẹ̀ ń hàn síta. Ọkọ̀ ti dẹ̀gbẹ́, epo inú kẹ́ẹ̀gì náà sì ti kó jọ sí apá kan. Apá kejì ṣófo, ó gbẹ. Dúrósinmí tẹjú mọ́ ọn.

Ó wá rántí ohun tí òyìnbó tó ta ọkọ̀ náà fún un sọ, tó gbọ́ tó sì gbàgbé. Rọ́bà tí jẹ́nẹ́rétọ̀ fi ń fa epo kì í dé ìsàlẹ̀ táǹkì. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ gé e kúrú ni, kí jẹ́nẹ́rétọ̀ má baà mu epo tán kí onímọ́tò wá há sójú ọ̀nà. Bí epo bá ti relẹ̀, ẹ́ńjìnì ọkọ̀ á ṣì máa mu, jẹ́nẹ́rétọ̀ á sì máa wò ó lójú. Epo wọn ti relẹ̀ láti Adó. Nígbà tí táyà wá wọ gọ́tà, ìwọ̀nba tó kù sá lọ sí ìhà kejì. Àṣé jẹ́nẹ́rétọ̀ náà ò ní àrùn kankan! Òùngbẹ ló ń gbẹ ẹ́.

Ó tú kẹ́ẹ̀gì. Ó da epo sínú táǹkì, ó dà á sára ọwọ́, ó dà á sára ṣòkòtò, kò bìkítà. Ó sáré padà sídìí àpótí irin. Ó yẹ kó tẹ bọ́tìnnì náà mọ́lẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, kí epo lè gba inú rọ́bà wá, kó tó wá yí i. Ó tẹ̀ ẹ́. Ó gbọ́ bí epo ṣe ń bọ̀, ohùn kékeré bí ìgbà tí ọmọdé ń mu omi. Ó ku díẹ̀.

Ẹ̀rọ tó ń ké pín-ín pín-ín nínú ọkọ̀ kò ké mọ́.

"Ó ti dákẹ́!" Gbémisọ́lá figbe ta. "Bọ̀ọ̀dá Dúró, ó ti dákẹ́ o! Yéè, ó ti dákẹ́!"

Ọwọ́ Dúrósinmí kúrò lórí bọ́tìnnì.

Àwa la ni èdè wa, kò sẹ́ni tó fi ránṣẹ́ sí wa. Rédíò á dákẹ́, òjò á dákẹ́, ọmọ tó ń sunkún á dákẹ́. Bí àgbàlagbà bá sì kú, a kì í là á mọ́lẹ̀ pé ó kú. A ní ó ti dákẹ́. Báyìí gan-an ni wọ́n ṣe pè é ní Kánádà lọ́jọ́ tí bàbá rẹ̀ kú. Gbémisọ́lá yìí náà ló pè é, ohùn yìí náà ni, "Bàbá ti dákẹ́." Kò sí ìtumọ̀ mìíràn tó lè wọlé sí i lọ́kàn.

Ó jókòó sórí òkúta wẹ́wẹ́. Ó ká ọwọ́ méjèèjì lérí, epo ń kán sí i lójú, ó ta á, kò nù ún. Ó ké bí ẹni tí wọ́n gún lọ́bẹ. Kò rántí oko kókó mọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá wà níbẹ̀ tó gbé ìbọn, kó máa bọ̀. Ó ń sọ fún ilẹ̀ pé òun ti dé, òun padà wálé, òun kò sì bá a. Ó ń mì síwájú, ó ń mì sẹ́yìn. Jẹ́nẹ́rétọ̀ wà níwájú rẹ̀ pẹ̀lú epo lẹ́nu, ó ń retí ìka kan ṣoṣo.

Ilẹ̀kùn ọkọ̀ ṣí gbàgà. Gbémisọ́lá yọ orí jáde, gèlè rẹ̀ ti bọ́.

"Kí lẹ jókòó ṣe níbẹ̀? Ẹ tan jẹ́nẹ́rétọ̀!"

"Kí n tàn án fún ta ni?" Dúrósinmí wí láàárín ẹkún.

"Fún ta ni kẹ̀? Fún Yèyé! Ẹ̀rọ ti dákẹ́, mo sọ fún yín, kò lè mí mọ́!"

Ìgbà tí ọ̀rọ̀ náà tó wọ̀ ọ́ létí, kò mọ ìgbà tó dìde. Ó fò mọ́ bọ́tìnnì. Kù-kù-kù. Kò gbé. Ó pariwo mọ́ ọn. Kù-kù-kù-kù-kù. Ó wúkọ́, ó tu èéfín dúdú, ó tún fẹ́ kú, ó yí ọkàn padà. Ó gbé! Ariwo rẹ̀ bú jáde lójú títì tó dá náà, ó gba inú oko kókó lọ, kò sì sí ẹni tó wà nínú igbó yẹn tí kò ní í gbọ́ pé àwọn kan wà níhìn-ín. Dúrósinmí mọ̀. Ẹ̀rù bà á. Ó fi jẹ́nẹ́rétọ̀ sílẹ̀ kó máa pariwo.

Nígbà tó wọlé, ẹ̀rọ ti ń mí fúùn, fúùn. Gbémisọ́lá ti gbé Yèyé jókòó, ó fi àyà gbé e ró. Ètè ìyá wọn dà bí ẹ̀lú. Ojú rẹ̀ là, ó ń wo òkè ọkọ̀. Àwọn ọmọ méjèèjì ń wo àyà rẹ̀ lábẹ́ búláòsì, bó ṣe ń gòkè tó ń sọ̀, bó ṣe ń dúró nígbà mìíràn kó tó tún gòkè, àti ìgbàkígbà tó bá dúró ni Dúrósinmí náà ń dá èémí tirẹ̀ dúró. Díẹ̀díẹ̀ ni ẹ̀lú náà kúrò ní ètè rẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni ìka rẹ̀ móoru.

Ohùn ọ̀kadà ló tún já wọn láyà. Ó ju ẹyọ kan lọ, wọ́n ń bọ̀ láti ọ̀nà Ìṣẹ̀, wọ́n ń gba etí igbó yí ọkọ̀ agbégẹdú ká. Gbémisọ́lá di Yèyé mú. Dúrósinmí mú sípánà, kí ni sípánà fẹ́ ṣe níwájú ìbọn? Àwọn ọdẹ ìlú ni. Ọ̀gá wọn, ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Ajíbọ́lá, kan ilẹ̀kùn, ó kí wọn kú ewu.

"Ọlọ́kadà kan ló sáré wá pè wá, a sì ti wọ inú oko kókó yẹn tán," ó wí. "Àwọn lébìrà ni, ọ̀pá tí in fi ń ká kókó ni in gbé dání. Ìgbà tí a pàdé, àwọn náà ń sá bọ̀. Wọ́n ní in rí mọ́tò gìrìwò kan tó fẹ́ kó àwọn lọ!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín lóde, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí wá okùn tí wọ́n á fi fa táyà jáde. Dúrósinmí fẹ́ bá wọn lọ. Yèyé gbá a lọ́wọ́ mú.

"Ghá jókòó."

Ó jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì. Gbémisọ́lá bọ́ sílẹ̀ lọ bá àwọn ọdẹ.

"Mo rí ẹ," Yèyé wí. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń jáde ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ó ń mí láàárín wọn. "Láti ojú fèrèsé. O ká ọwọ́ lérí. O ń sunkún mi."

Dúrósinmí fi apá ẹ̀wù nu epo ojú rẹ̀.

"Mo ń wò ẹ́. Mo fẹ́ pè ẹ́, éémí kò sí. Mo ní, ukú éè tíì ghá, ọmọ mi ti ń sin mí." Ẹ̀rín kékeré kan gba ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀ kọjá, ẹ̀rín ọ̀gá iléèwé tó gba ìwé ọmọ tó kọ ìkọkúkọ. "Bí wọ́n bá ní kí n máàkì ẹkún yẹn, márùn-ún nínú mẹ́wàá ni mo máa fún ẹ. O ò tiẹ̀ ké oríkì mi."

"Yèyé, ẹ jọ̀ọ́."

"Mi ò bínú." Ó sinmi. Rọ́bà imú rẹ̀ ń mí fúùn, fúùn, jẹ́nẹ́rétọ̀ ń kùn lábẹ́ wọn. Lẹ́yìn náà ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀, ó sì fi gbogbo ìwọ̀nba agbára tó ní di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú, ọwọ́ tí epo ṣì ń rùn lára rẹ̀. "Bàbá ẹ, ìta lo ti sunkún ẹ̀. Èmi náà, ìta lo ti bẹ̀rẹ̀. Dúró, lọ́jọ́ mìíràn tí wọ́n bá ní mo ti dákẹ́, kọ́kọ́ wọlé ghá wò mí ná. Bóyá mo ṣì ń retí ẹ."